Ta ló jẹun kánú jù, ẹni tó ń jẹ nínú igbó ni àbí àgbẹ̀ àkọ́kọ́?

ÌBÉÈRÈ, láti Lugbe

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin ní iṣẹ́ àríyànjiyàn ní ilé ìwé. Wọ́n ní kó dúró lórí pé ayé àwọn tó ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń ṣa èso jẹ kí iṣẹ́ oko tó dé, sàn ju ayé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Bàbá rẹ̀ gbọ́, inú bí i. Ó ní ọmọ àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn lòun, ọmọ òun kò ní jókòó sílé òun kó máa sọ pé ẹni tó ń sá kiri nínú igbó sàn ju bàbá òun lọ. Èmi ò mọ ibi tí mo máa dúró sí. Ṣé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀rí ni mo fẹ́ o.

* * *

Àbúrò mi, òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì pọ̀. Kí ọmọ yẹn dúró gbọin.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n so mọ́ra. Bí ẹ bá bi mí pé ta ni ara rẹ̀ le jù, ta ló ń sinmi jù, oúnjẹ ta ló pé oríṣi jù, ẹni tó ń jẹ nínú igbó ni màá mú. Bí ẹ bá sì bi mí pé èwo nínú méjèèjì ló lè bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí ilẹ̀ kékeré, àgbẹ̀ ni, kò sí iyàn níbẹ̀. Iṣẹ́ oko borí nítorí pé ó gba ènìyàn púpọ̀. Kì í ṣe nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń yó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ọkọ yín má bínú. Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn tó ní àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọkọ́ irin kọ́ là ń sọ. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá, wọn ò tíì lo 600 ọdún lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tó kọ́kọ́ fi òkúta àti igi tú ilẹ̀, tí gbogbo ìrètí wọn wà lára ọkà kan tàbí méjì, tí ìyàn á sì mú bí òjò bá kọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Ohun tí púpọ̀ nínú yín ń sọ ni pé ẹni tó ń jẹ nínú igbó kì í mọ ohun tó máa jẹ lọ́la, pé ebi ló ń lé e kiri, àti pé kò sí èyí tó ń pé ogójì ọdún nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ èmi ní ilé ìwé.

Lọ́dún 1964, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard Lee wà lọ́dọ̀ àwọn Ju/'hoansi, ẹ̀yà kan tó ń ṣọdẹ tó sì ń ṣa èso jẹ ní aṣálẹ̀ Kalahari, ní Botswana. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: ta ló jáde lọ wá oúnjẹ, ta ló jókòó sílé, kí ni wọ́n rí mú wálé. Ohun tó rí ni pé àgbàlagbà kan kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ láti wá ohun tí wọn ó jẹ. Aṣálẹ̀ ni o, kì í ṣe igbó Oǹdó. Èso igi mongongo ni wọ́n gbára lé jù. Ó ń bọ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, kóró inú rẹ̀ kún fún ọ̀rá, kì í sì í tètè bàjẹ́.

Àwọn kan nínú yín ti gba iye yẹn, ẹ ti sọ igbó di Párádísè. Èmi ò gbà. Lee kò ka wákàtí tí wọ́n fi ń fọ́ èso náà, tí wọ́n fi ń pọn omi, tí wọ́n fi ń ṣẹ́gi, tí wọ́n fi ń tún ọfà ṣe. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ padà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní 40 wákàtí lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń fi èyí lu àwọn Ju/'hoansi náà ro ti àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti oko dé, omi ṣì ń dúró dè é, igi ń dúró dè é, ọkà tí yóò gún ń dúró dè é.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ìwádìí tí Mark Dyble àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2019 nípa àwọn Agta ní orílẹ̀-èdè Philippines. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn kan ṣì ń pẹja, wọ́n ń ṣa nǹkan nínú igbó, àwọn mìíràn ti ń gbin ìrẹsì. Àwọn tí kò bá oko ṣe ń ṣiṣẹ́ nǹkan bí 20 wákàtí lọ́sẹ̀, àwọn tó ti di àgbẹ̀ ń ṣe nǹkan bí 30. Àwọn obìnrin ló forí kó o jù, ìsinmi wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù sí ìdajì. Níbi wọ̀nyẹn, a kò fi ẹ̀yà kan wé ẹ̀yà mìíràn, a kò fi ilẹ̀ kan wé òmíràn. Ohun tó yàtọ̀ kò ju oko lọ.

Ti pé wọn kì í pẹ́ láyé: ikú ọmọdé ló fa iye yẹn walẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà tó ń jẹ nínú igbó tí wọ́n ti kà, ọmọ tó ń kú kó tó pé ọdún 15 sún mọ́ ìdajì. Ohun tó burú gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dàgbà nínú wọn, ó wọ́pọ̀ kó rí ọgọ́ta ọdún, kó sì lé díẹ̀ sí i. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ń sin ọmọ bẹ́ẹ̀ náà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Minna sọ pé òun kò gba ìṣirò wákàtí, pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ yóò jẹ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi wákàtí sílẹ̀, ká lọ wo egungun.

Lẹ́bàá odò Yúfírétì ní Síríà, ibì kan wà tó ń jẹ́ Abu Hureyra. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ń pa egbin, wọ́n ń ṣa ọkà igbó. Nígbà tó yá, àwọn tó wà níbẹ̀ di àgbẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ egungun kan, Theya Molleson, yẹ egungun wọn wò, ó rí i pé ti àwọn obìnrin ti bàjẹ́ lọ́nà kan náà: oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti jẹ, orúnkún ti gbó, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ti wọ́. Ọlọ ló fà á. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láti lọ ọkà.

Èmi ò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé èyí fún mi. Ìyá tó bí ìyá mi l'Ọ́fà lọ ọkà bàbà títí ó fi darúgbó. Bó bá fẹ́ lọ ọ́, á kúnlẹ̀, á ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ara rẹ̀, á fi gbogbo òkè ara ti ọmọ ọlọ síwájú, á fà á padà, á tún tì í. Òógùn á máa kán láti imú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun, á sì máa fi apá nù ún kó má baà kán sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀ yọ kókó tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ló gba àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe oko.

Eyín náà ń sọ̀rọ̀. Ní Dickson Mounds, ní Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí egungun àwọn tó ń ṣọdẹ àti ti àwọn àtọmọdọ́mọ wọn tó wá gbára lé àgbàdo. Ìlà tí ebi ìgbà èwe ń fà sára eyín pọ̀ sí i lẹ́yìn tí àgbàdo gbilẹ̀, àmì àìtó ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i gan-an lára egungun. Wọ́n gbin oúnjẹ, oúnjẹ pọ̀, ara ò sì dá tó ti tẹ́lẹ̀. Irú ẹ̀rí báyìí ló mú kí òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Jared Diamond, kọ ọ́ lọ́dún 1987 pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù tí ènìyàn ṣe. Èmi ò bá a dé ibẹ̀, màá sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Jos ló béèrè ìbéèrè tó dára jù títí di ìsinsìnyí: “Síríà àti Amẹ́ríkà lẹ ń kà fún wa. Àwa ńkọ́?”

Ìṣòro wa ni pé ilẹ̀ ibí kì í tọ́jú egungun. Ẹ mú Nok ní Kàdúná. Àwọn àgbẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, àwọn ló mọ ère amọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n sì yọ́ irin ní Taruga tí kò jìnnà sí Àbújá níbí. Ilẹ̀ náà kan, ó ti jẹ egungun tán, ti ènìyàn àti ti ẹran. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ fún ọ pé eyín ọmọ Nok dára ju ti bàbá ńlá rẹ̀ tó ń ṣọdẹ lọ.

Àpáàdì ló kù. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Frankfurt ní Jámánì àti ti Bristol ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọ̀rá tó fà sínú àpáàdì Nok tó lé ní 450 wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2021. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní ìda oyin. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn ń wí. Àwọn ènìyàn yìí ń gbin jéró, wọ́n ń gbin ẹ̀wà, síbẹ̀ wọn ò fi oyin igbó sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún rí àmì ewé nínú irú àpáàdì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ọbẹ̀ ewé ti wà lórí iná ní Kàdúná kí ẹnikẹ́ni tó máa pe ibẹ̀ ní Kàdúná.

Ẹ lọ sí Borno. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Gajiganna dé etí adágún Chad ní nǹkan bí 3,800 ọdún sẹ́yìn pẹ̀lú màlúù. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń ṣa koríko igbó tó ní hóró. Ó tó bí ọdún 600 lẹ́yìn ìyẹn kí jéró tó di oúnjẹ pàtàkì wọn. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n jí, tí wọ́n ju ọfà nù, tí wọ́n mú ọkọ́.

Kí ẹ tó sọ pé àwọn tó wà ṣáájú àgbẹ̀ jẹ́ òpè, ẹ rántí ọkọ̀ ojú omi Dufuna ní Yobe. Dàrándàràn Fúlàní kan ló kàn án lọ́dún 1987 nígbà tó ń gbẹ́ kànga. Ọkọ̀ náà gùn ju mítà 8 lọ, igi ọ̀gánwó ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò tíì sí jéró lóko ẹnikẹ́ni ní agbègbè yẹn nígbà náà. Nílé wa, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wú òkú ọkùnrin kan jáde ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́ lọ́dún 1965, ó sì ti lé ní 11,000 ọdún. Òun náà kò mọ ebè.

* * *

Mo rí i pé àríyànjiyàn iṣu ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ará Abaji kan àti ará Èkìtì kan, pé Gbagyi àti Yorùbá, ta ló kọ́kọ́ gbin iṣu. Kúkúrú ni mo máa sọ. Ìwádìí ọdún 2019 kan tó yẹ àbùdá iṣu funfun wò fi hàn pé láti ara iṣu igbó kan ni wọ́n ti mú un, ní agbada odò Ọya, láàárín ìlà oòrùn Gánà àti ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ọdẹ àti aláwàjẹ, ìyẹn ẹni tó ń wá oúnjẹ jẹ nínú igbó, ló kọ́kọ́ wú iṣu, wọ́n jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnì kan tó dá orí rẹ̀ padà sínú ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jà sí i, ẹ jà sí i níbòmíràn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà síbi ọmọ, torí ibẹ̀ ni kókó wà.

Obìnrin tó ń ṣí kiri kò lè gbé ọmọ méjì pọ̀n. Lọ́dọ̀ àwọn Ju/'hoansi, ọmọ kan sí ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin, ọmú ni ọmọ á máa mu. Nígbà tí ènìyàn jókòó sójú kan tí ọkà sì wà, ògì wà, ọmọ lè tètè kúrò lẹ́nu ọmú, ìyá á tún lóyún. Ọmọ pọ̀ sí i, bí wọ́n tilẹ̀ ń kú. Bàbá àti ìyá wa mọ ewu yìí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìyá ọmọ kì í fi í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta láyé àtijọ́. Ìbá má sí èèwọ̀ yẹn, ìyá ìbá ti gbó kó tó pé ọgbọ̀n ọdún.

Ìyá kan láti Kubwa béèrè bóyá ìdí nìyí tí ibà fi gbilẹ̀. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1958, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Frank Livingstone sọ pé bí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣe ń ṣán igbó, ni oòrùn ń dé ojú ilẹ̀, omi ń dúró, ẹ̀fọn ń yé sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé tó kún fún ènìyàn. Ibà gbilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ AS tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà sì gbilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. A mọ ohun tí AS méjì ń bí. Àmọ́ ẹ má sọ pé iṣẹ́ oko ló dá fòníkú-fọ̀ladìde sílẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ àbùdá méjì, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ pé láti ara ẹnì kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn, kí oko tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀nà ni oko là fún un.

* * *

Ẹni tó sọ pé àwọn ará igbó ní inú rere ju àwa lọ, pé bí Hadza ní Tanzania bá pa ẹran ńlá, gbogbo ibùdó ló ń jẹ nínú rẹ̀: òótọ́ ni pé wọ́n ń pín in. Inú rere nìkan kọ́. Ẹran á rà, kò sí àká tí wọ́n lè kó o sí, ẹni tó pa lónìí lè má rí pa títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òwe tiwa ló ní kí ọdẹ má ro ìṣẹ́, kó má ro ìyà, torí bó bá rò ó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ọdẹ Yorùbá lè rò ó bẹ́ẹ̀ torí pé ó ní oko nílé, ó lè yan ẹran rẹ̀ gbẹ kó gbé e lọ ọjà. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, kì í ṣe aláwàjẹ. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ àká àkọ́kọ́ ni wọ́n ti nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ, ọjọ́ náà ni olè mọ ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹni tó máa wá gba ìṣákọ́lẹ̀ dé. Ẹni tó ń jẹ nínú igbó kò ní ohun tí ọba lè kà.

* * *

“Bí ó bá burú bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò padà sínú igbó?” Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́rin ti béèrè èyí.

Wọn ò lè padà. Igbó tó ń bọ́ ìdílé kan lè di oko tó ń bọ́ odindi abúlé. Bí abúlé bá ti kún, igbó yẹn kò lè gbà wọ́n mọ́. Àwọn Kofyar ní ìpínlẹ̀ Plateau fi hàn wá bí ó ṣe ń rí. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Netting bá wọn lórí òkè ní nǹkan bí ọdún 1960: ilẹ̀ há, ènìyàn pọ̀, wọ́n kó òkúta jọ láti fi dá ìpele sára òkè, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí ìgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sóko. Nígbà tí ilẹ̀ ṣí fún wọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́nà Namu, púpọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì ṣe iṣẹ́ agbára bẹ́ẹ̀ ní kété tí wọ́n débẹ̀. Ẹni tó lè ṣe díẹ̀ yóò ṣe díẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ há ni ènìyàn ń fi ẹ̀yìn wé ọkọ́.

Ìdí tí n kò fi bá Diamond pè é ní àṣìṣe nìyí. Kò sí ẹni tó jókòó yan èyí tàbí ìyẹn. Ọmọ kan dé lẹ́yìn ọmọ kan, oko fẹ̀ díẹ̀, igbó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Àwọn tó sì ṣe é dáadáa jù ni àwọn tí kò jẹ́ kí igbó sún tán. Mo ní oko lọ́nà Kwali, láàárín àwọn Gbagyi. Nígbà tí mo gba ilẹ̀ náà, igi òrí àti igi irú wà láàárín rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbìn wọ́n, àwọn tó ro ilẹ̀ ṣáájú mi kàn dá wọn sí ni. Ọkùnrin tó bá mi ṣán ilẹ̀ fẹ́ gé gbogbo wọn kí katakátá lè ráyè. Ìyá Gbagyi kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà gbé igi ìdáná rẹ̀ kúrò léjìká, ó bá a jà. Ó ní bí òjò bá kọ̀, tí jéró kọ̀, irú kì í kọ̀. Oṣù Keje, tí àká gbẹ tí àgbàdo tuntun ò tíì gbó, òrí ló ń bọ́ sílẹ̀ tí àwọn ọmọ ń jẹ ẹran ara rẹ̀, tí àwọn obìnrin ń ṣa kóró rẹ̀ tà. Ẹ wọ ọjà Gwagwalada kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ewé kúkà, tàfásà, irú, oyin, òrí. Igbó ni púpọ̀ nínú wọn ti wá.

Nísinsìnyí tí wọ́n ń gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ní gbogbo àyíká Àbújá, àwọn igi yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wó, wọ́n sì ń sọ wọ́n di èédú. Ó ń dùn mí. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ nínú yín, ẹ fún katakátá ní àyè láti yà. Igi irú kì í dí àgbàdo lọ́wọ́ bí ẹ bá gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀.

* * *

Ìyá ọmọ ti padà wá, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni àríyànjiyàn náà, ó ní kí n sọ ohun tí ọmọ máa sọ gan-an.

Kó má fi Richard Lee bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan ní ìhà kejì bá mọ̀ pé iye rẹ̀ padà gòkè, wọ́n á fi ìyẹn bì í ṣubú. Kó fi àwọn Agta bẹ̀rẹ̀, 20 sí 30. Lẹ́yìn ìyẹn, egungun Abu Hureyra àti eyín Dickson Mounds. Kó mú oyin Nok wọlé lẹ́yìn, torí ilé wa ni, ó sì fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ fúnra wọn kò fi igbó sílẹ̀.

Wọ́n á sọ pé láìsí oko, kò ní sí ìwé, kò ní sí ilé ìwosàn, kò ní sí àríyànjiyàn yìí gan-an. Kó dá wọn lóhùn pé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ kò rí ìkankan nínú wọn, àwọn ni ìbéèrè náà sì dá lé. Bí wọ́n bá bi í nípa ikú ọmọdé, kó gbà pé ó pọ̀ nínú igbó, kó sọ pé ó pọ̀ lóko náà, kó má jiyàn rẹ̀. Kí ọkọ yín gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nílé ní ọjọ́ Alàmísì, kó sì bá a jà sí i dáadáa. Ọmọ àgbẹ̀ ló mọ ibi tí yóò ti mú un.